Sáfò Àrólé

Bàbá mi kì í sọ pé "ọmọ mi obìnrin ló ṣe é." "A ṣe é" ló máa ń sọ. Bí àwọn tó ń sáré ọkọ̀ rìmóòtù ní pápá wa bá yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, tí wọ́n ń bèèrè ta ló to sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ tó fi ń balẹ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, á gbé àyà sókè, á ní, "A kàn fara balẹ̀ ṣe é ni." Èmi á wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́ àti eruku lórí imú, n ó máa wò ó. Àwa wo? Ọwọ́ rẹ̀ kò kan nọ́ọ̀tì kankan lára ọkọ̀ yẹn rí. Ojú rẹ̀ ti di ojú à-wò-jìnnà. Ó lè rí ẹyẹ lórí òpó iná ní ìparí àdúgbò, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà ní àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, kùrukùru ni.

Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pe bàbá mi nínú ìtàn yìí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnu mi ṣì í. Níbí, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀.

Awakọ̀ akẹ́rù ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí kò lè rí àwọn aago iwájú sítíárìn mọ́, ilé iṣẹ́ ní kó máa lọ sinmi. Ó jókòó sílé, ó ń bá gbogbo èèyàn jà, títí kan tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo ra ọkọ̀ eré náà fún un, ọkọ̀ kékeré tí kò ga dé orúnkún, tó ní taya ẹlẹ́gùn-ún, tó ń fò lórí òkìtì tó sì ń balẹ̀ láìfọ́. Mo rò pé á fi ṣeré fúngbà díẹ̀, kó gbé e tì. Àfi bí ọkùnrin yẹn ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó wọ ẹgbẹ́. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, Àgbà Awakọ̀, ó sì ń jẹ́ ẹ bí oyè.

Èmi ní tèmi, eyín àtọwọ́dá ni mò ń ṣe. Dókítà eyín á gba ìwọ̀n ẹnu ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ, wọ́n á gbé e wá fún wa, n ó sì jókòó sídìí tábìlì máa rẹ́ eyín ike títí yóò fi bá ẹnu onítọ̀hún mu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè mí ní Àǹtí Eléyín ní pápá. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ohun tó ń gbọ̀n lára mi, ẹnikẹ́ni ò rí i.

Mo ní àbúrò kan, ọkùnrin, tó ń gbé lókè òkun. Òun nìkan ni ọkùnrin tí ìyá wa bí kó tó kú. Àrólé ni bàbá ń pè é láti kékeré, bí ẹni pé ilé wa yìí ní nǹkan tí èèyàn fẹ́ jogún. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń pe bàbá lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Èmi ni mò ń gbé ilé, tí mò ń gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn, tí mò ń gbọ́ bó ṣe ń húkọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ìdíje ìparí ọdún ń bọ̀, bàbá kò sì tíì gba ipò kankan rí. Mo fẹ́ kó gba ife ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ kó dúró níwájú àwọn èèyàn yẹn, kó ní ọmọ òun obìnrin ló ṣe ọkọ̀ náà. Lẹ́ẹ̀kan péré. Mo mọ̀ pé obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun kò yẹ kó ṣì máa wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri lẹ́nu bàbá rẹ̀. Mò ń wá a.

Ohun tó ń dí wa lọ́nà ni sáfò. Sáfò ni mọ́tò kékeré kan, nínú àpótí tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì bí rìmóòtù bá ti wí. Èyí tó bá ọkọ̀ wá ti gbó. Ní kọ́nà tó wà nídìí òkìtì taya, bàbá á yí rìmóòtù, sáfò á kọ́kọ́ rò ó wò ná, kó tó sì rò ó tán, ọkọ̀ ti gba inú koríko lọ.

Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní ìmọ̀ràn. Mi ò rí ohun tó ń mú ọkùnrin sọ̀rọ̀ bíi sáfò. Ẹnì kan á ní agbára ni kí n wò, ẹlòmíràn á ní ìyára ni, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ja ìjà lórí ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí mo fetí sí ni onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa, tó ń bá bàbá díje láìsí ìlara. Ó ní kí n wo agbára, kí n wo ìyára, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé ohun tí sáfò náà ń jẹ. Ibi kan náà ni sáfò àti etí ọkọ̀ ti ń gba iná. Etí ọkọ̀ ni a ń pe àpótí kékeré tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú rìmóòtù. Bí sáfò bá jẹ iná jù, etí á di. Ọkọ̀ tí etí rẹ̀ bá sì di, ibi tó kọjú sí náà ló ń lọ.

Mo fi ìrọ̀lẹ́ púpọ̀ ṣe é. Mo yá sáfò lọ́wọ́ ẹni tó ní, mo dán an wò, mo dá a padà. Mo gbé wọn sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun eyín níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi sì bi mí pé aláìsàn wo ló fẹ́ fi mọ́tò jẹun. Mo kọ èyí tó lágbára jù sílẹ̀ nítorí pé ó ń jẹ jù. Mo kọ èyí tó yára jù sílẹ̀ nítorí ọwọ́ bàbá. Bàbá kì í yí rìmóòtù lójijì bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe. Ọwọ́ awakọ̀ akẹ́rù ló ní, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí kó tó dé kọ́nà. Sáfò tó bá yára jù á kàn máa jó lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọwọ́ yẹn ni mo ra sáfò fún, kì í ṣe ọkọ̀.

Èyí tí mo mú nígbẹ̀yìn, àpótí ike dúdú ni, kò jọ ẹnikẹ́ni lójú, ṣùgbọ́n irin ni eyín jíà tó ń yí nínú rẹ̀. Igun rẹ̀ kan ń há mọ́ abẹ́ ọkọ̀, mo sì fi fáìlì tí mo fi ń rẹ́ eyín rẹ́ ẹ díẹ̀. Mi ò dán an wò lórí ìdúró, níbi tí taya ọkọ̀ ti wà lókè tí kò kan nǹkan. Lókè, gbogbo sáfò ló lágbára. Ilẹ̀ ni mo gbé e sí. Bàbá kọ́kọ́ fi ìka tọ́ ọ wò, ó kan igun tí mo rẹ́, ó bi mí bóyá eku ló jẹ ẹ́. Ó wá wà á yí àgbàlá ká, ó tún wà á.

"Ó dáa díẹ̀," ni ó wí.

Lẹ́nu tirẹ̀, ìyẹn pọ̀. Mo jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àrólé pè, tí bàbá sọ fún un pé sáfò ló ń yọ wá lẹ́nu. Mo ké láti ilé ìdáná pé a ti rí i. Bàbá ní, ẹ̀n-ẹ́n, ó ń bá a lọ, ó ń ṣàlàyé kọ́nà òkìtì taya fún ẹni tí kò tẹ pápá wa rí. Ṣe ni páálí kan dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Sáfò tó wà nínú rẹ̀ pupa. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó ń dán, wọ́n tẹ́ fóòmù sábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún fi fóòmù bò ó. Bàbá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń fọwọ́ pa á lára, ó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lójú bí ẹni pé ó lè rí i. Ó ní ẹ wò ó bó ṣe tutù, ó ní ẹ wò ó bó ṣe wúwo. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó rí i pé inú ń bí mi. Mi ò rántí pé ó fọwọ́ pa nǹkan tí mo gbé lé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n yọ tèmi, kí n fi ti Àrólé sí i.

Mo fi sí i. Lórí ìdúró, mi ò ní purọ́, ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ. Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. A gbé e sílẹ̀ ní àgbàlá. Bàbá fún un níná, ó yí i, iná kékeré ara etí ọkọ̀ ṣẹ́jú, ó kú, ọkọ̀ sì lọ tààrà, ó fi imú gbá ògiri.

Bàbá ní léèdì tí mo fi jó wáyà ni kò mú. Mo tún un jó. Ògiri. Mo pààrọ̀ wáyà látòkèdélẹ̀. Ògiri. Mo wá jókòó tì í, mo fi sùúrù ṣàlàyé pé sáfò náà dára, ọkọ̀ mìíràn ni kò bá ti dára fún. Ohun tó ń jẹ ju ohun tí ọkọ̀ tiwa lè gbé fún un lọ. Ká tó lè lò ó, a máa ní láti pààrọ̀ gbogbo ohun tó ń pín iná nínú ọkọ̀, ìdíje sì ti dé tán. Bàbá gbọ́ ọ parí. Ó tilẹ̀ mi orí. Mo ti ń rò pé ó yé e.

"Kò sí ohun tí ọmọ yẹn fi ránṣẹ́ rí tí ìwọ kò rí àbùkù rẹ̀," ni ó wí. "Ìlara kò dáa."

Ìlara. Èmi tí mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un. Mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́ kejì, mo pe àbúrò mi láti ibi iṣẹ́. Mi ò bá a jà, ẹ̀ṣẹ̀ kankan ò sí lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o, òun kàn ní kí ẹni tó ń tà á gbé èyí tó lágbára jù fún òun ni. Mo ní n ó yọ ọ́, n ó dá tèmi padà sínú ọkọ̀ láti fi sáré.

"Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá mọ̀. Ó máa dùn wọ́n."

Mo ní ó dáa. Èrò mi ni pé bí bàbá bá ti gbé ife tán, ọkàn rẹ̀ á rọ̀, n ó sọ òtítọ́ fún un, òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní mo gbọ́n jù. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Àgbàlagbà ni mí o.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, bàbá ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo pààrọ̀ wọn. Tèmi wọ inú ọkọ̀, ti Àrólé wọ inú àpò aṣọ mi. Mo fi ìbòrí bò ó, mo de nọ́ọ̀tì. Bàbá jáde wá pẹ̀lú fìlà tuntun, ó bi mí bóyá nǹkan Àrólé wà ní ipò. Mo ní gbogbo nǹkan wà ní ipò tó yẹ kó wà.

Pápá wa wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti pa tì. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ máa ń gun àkàsọ̀ onírin lọ sórí pèpéle, kí wọ́n lè rí gbogbo ọ̀nà. Àwa tó ń tún ọkọ̀ ṣe á dúró káàkiri nísàlẹ̀, láti máa gbé ọkọ̀ tó bá dojú dé. Bí ọkọ̀ ẹni tí èèyàn kò fẹ́ràn bá tilẹ̀ ni, òfin ni, kíá ni kó gbé e dìde. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi mí sí kọ́nà òkìtì taya, wọ́n sì gbà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ bàbá débẹ̀, mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí kó tó dé kọ́nà, bí ìṣe rẹ̀. Sáfò bá a lọ, kò yára jù ú, kò lọ́ra jù ú. Ọkọ̀ náà fi ẹ̀gbẹ́ kọjá lára òkìtì taya, kò kàn án. Bó ṣe ń yí ká ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lókè, ọwọ́ mi nísàlẹ̀, nínú nǹkan kan ṣoṣo. Mi ò mọ̀ bóyá eruku ni tàbí ẹkún, mo kàn mọ̀ pé ojú mi ń tú omi.

Onígbàjámọ̀ ló wà níwájú títí tí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó gbọ́ pé bàbá wà lẹ́yìn òun, ó fẹ́ yára wọ kọ́nà mi, ó sì dojú dé lẹ́sẹ̀ mi gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọkọ̀ rẹ̀ dìde bí òfin ti wí, mi ò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Kí taya rẹ̀ tó kan ilẹ̀, bàbá ti kọjá.

Wọ́n gbé ife fún bàbá. Wọ́n ní kí Àgbà Awakọ̀ bá àwọn sọ̀rọ̀. Mo ti nu imú mi, mo ti dúró dáadáa níwájú.

"Ọmọ mi ọkùnrin tó wà lókè òkun," ni bàbá wí, "òun ló fi sáfò ránṣẹ́. Sáfò yẹn ló gbé mi débí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀, tó jẹ́ pé òun la jọ yan èyí tó wà nínú ọkọ̀, yíjú sí mi, ó la ẹnu. Mo mi orí fún un pé kó fi í sílẹ̀. Sáfò Àrólé wà nínú àpò mi, igun irin rẹ̀ ń gún mi ní itan.

Nílé, mo gbé ọkọ̀ sórí tábìlì, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ara rẹ̀. Bàbá fa àga sún mọ́ mi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bu omi wá fún mi mu, ohun tí kì í ṣe. Mo ń wá bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ó ní kí n ṣí ìbòrí, òun fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan ọmọ òun. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ nù ún, ṣùgbọ́n ó ti na ọwọ́.

Ìka rẹ̀ gba abẹ́ wáyà kọjá, ó dé ara sáfò. Ojú bàbá mi ló kú nítòsí, ìka rẹ̀ kò kú. Irin máa ń tutù, ó sì mọ irin láti ìgbà èwe rẹ̀. Èyí kò tutù. Ìka náà lọ síwájú, ó dé igun tí mo rẹ́, igun tó ní eku jẹ. Ó dúró níbẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, ó tún wá síbẹ̀, ó tún dúró.

Ó mọ̀. Mo wò ó lójú, mo rí i pé ó mọ̀. Mo ti ní ìdáhùn sílẹ̀: n ó ní kò burú, n ó ní ẹ̀yin lẹ wà á, Bàbá, sáfò kì í dá wa ọkọ̀. N ó rẹ́rìn-ín sí i kó má bàa tì í lójú. Ó kù kó sọ ọ́ ni.

Fóònù dún. Àrólé ni. Bàbá tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta, bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣì wà lórí sáfò mi.

"Àrólé mi," ni ó wí, "a gbà á. Sáfò rẹ ló ṣe é."

Mo tẹ orí sún mọ́ fóònù náà. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó dáa, bí bàbá kò bá lè sọ ọ́, eléyìí á sọ ọ́. Òun kúkú mọ̀, èmi ni mo fẹnu ara mi sọ fún un.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni àbúrò mi wí. "Mo mọ̀ pé ó máa wúlò fún yín."

Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Bàbá ròyìn kọ́nà, ó ròyìn bí onígbàjámọ̀ ṣe dojú dé, kò dárúkọ ẹni tó gbé e dìde. Àbúrò mi ní òtútù mú lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní kí bàbá bá òun kí Ẹ̀gbọ́n òun. Bàbá ní ó wà níbí, ó ń gbọ́.

Nígbà tó pa fóònù, ó yọ ọwọ́ kúrò lára ọkọ̀, ó fi ìka nu ṣòkòtò rẹ̀. Kò kọjú sí mi.

"Má jẹ́ kí ó mọ̀ o," ni ó wí. "Ó máa dùn ún."

Ó dùn mí. Mò ń sọ ọ́ jáde kí ẹnì kan lè gbọ́ ọ. Bàbá ń ṣọ́ ọkàn ọmọ, ọmọ ń ṣọ́ ọkàn bàbá, èmi wà láàárín wọn tí mò ń de nọ́ọ̀tì, kò sì sí èyí tó bèèrè pé èmi ńkọ́. Mo lè sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo wo àgbà ọkùnrin yẹn níbi tó jókòó sí, tó gbé ife lé itan, tó ń dúró kí n dáhùn, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ẹ̀rù ẹnu mi ń bà á. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ẹ má pè é ní ìfẹ́, ó rẹ̀ mí ni.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni mo wí.

Mo yọ sáfò pupa náà nínú àpò mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó tutù. Kò bi mí bó ṣe dé inú àpò mi. Ó fọwọ́ pa á lára díẹ̀, ó wá ní kí n gbé e sórí pẹpẹ ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kí àlejò lè máa rí i.

Ibẹ̀ ló ṣì wà. Bí àlejò bá dé, bàbá á nawọ́ sí i, á ní sáfò tí ọmọ òun fi ránṣẹ́ nìyẹn, tó gba ife fún òun. Tèmi wà nínú ọkọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bí eruku bá bo pẹpẹ náà, èmi ni mò ń nù ún.